Pápá Ilé-ẹ̀kọ́ Àdúgbò Yín Tó Eré Ìdárayá Ṣe

Jíìmù ti pọ̀ ní Àdó-Èkìtì báyìí, àwọn èèyàn sì ń sanwó oṣooṣù kí wọ́n lè máa sáré lójú kan lórí ẹ̀rọ. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti Básírì dé Ajílòṣun, láti Adébáyọ̀ dé Odò-Àdó, ilé-ẹ̀kọ́ tó ní pápá kì í jìnnà sí ilé ẹni, pápá náà á sì ṣófo nírọ̀lẹ́, lọ́jọ́ Sátidé, àti jálẹ̀ ọlidé. Bákan náà ló rí ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìjerò, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìkọ̀lé. Ilẹ̀ wà. Iṣẹ́ tó kù ni kí ará àdúgbò gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni pápá, kí wọ́n tún un ṣe kó má baà ṣe èèyàn léṣe, kí wọ́n sì dá ọjọ́ àti wákàtí tí kì í yẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fo iṣẹ́ yẹn kì í pẹ́ tú ká.

Ká kọ́kọ́ mọ iye tí ara nílò. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2020, wọ́n ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá oníwọ̀ntúnwọ̀nsì, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 bó bá jẹ́ èyí tó le. Wọ́n tún ní kó fi ọjọ́ 2, ó kéré tán, ṣe ohun tó ń fún iṣan lágbára. Ọmọ ọdún 5 sí 17 nílò ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Ẹni tó ti lé ní ọdún 65 gbọ́dọ̀ fi ohun tí kì í jẹ́ kéèyàn ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ kún un, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí a bá pín ìṣẹ́jú 150 sí ọjọ́ 5, ìṣẹ́jú 30 péré ló kan ọjọ́ kan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìrìn yín ti tó oníwọ̀ntúnwọ̀nsì, ẹ bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ó ti tó. Bí ẹ bá lè kọrin dópin, ẹ yára sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu yín, ẹ ti wọ iṣẹ́ líle nìyẹn.

Ẹni tó ń kọ ebè iṣu láràárọ̀ ti ṣe tirẹ̀. Ẹni tó ń jókòó sí ìsọ̀ tàbí ọ́fíìsì látàárọ̀ dalẹ́ ni mò ń bá wí. Bó bá ti pẹ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ṣe nǹkan kan, kó fi ìṣẹ́jú 10 bẹ̀rẹ̀, kó máa fi ìṣẹ́jú 5 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn ọkàn, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹni yòówù tí àyà bá ń fún lórí pápá, tí ìrora ń gba apá tàbí àgbọ̀n rẹ̀, tàbí tí òòyì ń kọ́, kó dúró lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ó kan gbígba àyè. Ẹ má fi ẹnu lásán gbà á. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fún yín láyè lónìí lè gba ìwé ìṣípòpadà lọ́la, ẹni tó bá sì wọlé lẹ́yìn rẹ̀ á tilẹ̀kùn mọ́ yín torí kò mọ̀ yín rí. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lórúkọ ẹgbẹ́ àwọn onílé, kí ẹ fún alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní ẹ̀dà kan. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù èèyàn 2 tó máa dúró fún ẹgbẹ́, ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ fẹ́, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó máa kó ìdọ̀tí lẹ́yìn eré, àti ohun tí ẹgbẹ́ máa tún ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dún. Kókó tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ń wá ẹni tó máa bá a gé koríko, tó máa bá a dí ihò ògiri tí ewúrẹ́ ń gbà wọlé. Ẹni tó bá fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ máa ń rí ìdáhùn kíákíá. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé nígbà tí àwọn ọmọ bá ń ṣe ìdánwò WAEC, ẹ kò ní pariwo nítòsí gbọ̀ngàn ìdánwò. Ìgbà yẹn ni èdèkòyédè máa ń pọ̀.

Bí wọ́n bá ti gbà fún yín, ẹ má tíì gbé bọ́ọ̀lù wọ pápá. Kí èèyàn bíi 10 tò ní ìlà kan, ẹ̀gbẹ́ kọ́ ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n rọra rìn láti orí kan dé ìkejì, kí wọ́n máa wolẹ̀. Pápá tí wọ́n ti ta kánópì ayẹyẹ tàbí ìsọjí lé lórí máa ń ní èèkàn irin tó kù sínú ilẹ̀, orí rẹ̀ nìkan ló máa yọ díẹ̀ láàárín koríko. Ìdérí ìgò, wáyà àti ìṣó náà kì í wọ́n níbẹ̀. Èèkàn kan ṣoṣo tó láti ya àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọdé, ìpalára irin ilẹ̀ sì ń béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lo pápá fún ayẹyẹ ni kí ẹ tún ìrìn yìí rìn.

Ihò ló kàn. Ọ̀pọ̀ pápá ilé-ẹ̀kọ́ ni àwọn tó ń kọ́ mọ́tò ń lò, táyà wọn á sì gbẹ́ poro sílẹ̀ nígbà òjò, poro náà á wá le bí òkúta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Inú poro wọ̀nyẹn ni ẹsẹ̀ ti ń rọ́ jù. Ẹ gbé òkúta ńlá tàbí táyà tí ẹ rì mọ́lẹ̀ dí ojú ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà wọlé, kí ẹ fi àyè tí ẹsẹ̀ èèyàn nìkan lè gbà sílẹ̀. Iyanrìn nìkan kò dára fún dídí ihò, torí òjò àkọ́kọ́ á gbá a lọ, pàápàá ní Èkìtì wa tí ilẹ̀ kì í tẹ́jú. Ohun tó dúró ni ilẹ̀ òkìtì ikán. Ẹ fọ́ ọ kúnná, ẹ da iyanrìn mọ́ ọn, ìdá 3 ilẹ̀ ikán sí ìdá 1 iyanrìn, torí bí iyanrìn kò bá sí níbẹ̀ yóò máa yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi omi rin inú ihò, ẹ da àpòpọ̀ náà sí i ní ìpele ìpele tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, kí ẹ máa fi igi gún un kí ẹ tó da òmíràn lé e. Bí ẹ bá rọ́ gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, òkè nìkan ni yóò le, ìsàlẹ̀ á sì rì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín oògùn apakoríko sí pápá. Ó rọrùn, ó sì yá, ìdí tí wọ́n fi ń fín in náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò koríko ló so ilẹ̀ náà pọ̀. Bí koríko bá kú, àgbàrá á ṣí erùpẹ̀ òkè lọ, kùsà àti òkúta wẹ́wẹ́ á yọ síta, pápá tó rọ̀ á wá di ibi tí ọmọ ti ń bó lórúnkún lójoojúmọ́. Àdá tàbí ẹ̀rọ agékoríko ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi koríko náà sílẹ̀ tó bí ìka ọwọ́ kan ní gíga. Ẹ má kàn fi àdá gé orí igi kéékèèké tó hù sí pápá o, kùkùté rẹ̀ á dúró bí ẹ̀gún. Ẹ hú u tigbòǹgbò tigbòǹgbò, lẹ́yìn tí òjò bá rọ̀ ló rọrùn. Ibi tó bá ti pá, ẹ lọ já koríko bàhámà níbi tó ti pọ̀, ẹ gbìn ín ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kí àlàfo àárín wọn tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi tàn.

Ọ̀nà ìrìn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí pápá lè fún wa, torí ìyá àgbà ọdún 70 àti ọmọ rẹ̀ lè jọ wà lórí rẹ̀. Ẹ wọn mítà 80 ní gígùn àti mítà 45 ní ìbú yíká pápá. Àyíká kan jẹ́ mítà 250, àyíká 4 sì pé kìlómítà kan. Ẹni tó ń rìn kánmọ́kánmọ́ á fi ìṣẹ́jú 10 sí 12 rin kìlómítà kan, nítorí náà àyíká 10 sí 12 ti tó ìṣẹ́jú 30. Bí ẹ bá fẹ́ kí igun pápá gún régé láìsí irinṣẹ́ sọ̀fíyọ̀, ẹ wá okùn tí kì í fà, ẹ wọn mítà 12 lára rẹ̀, ẹ so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Láti ojú ìso yẹn, ẹ ta kókó kan sí mítà 3, ẹ ta òmíràn sí mítà 7. Kí ẹnì kan di ojú ìso mú, kí ẹnì kejì di kókó mítà 3, kí ẹnì kẹta di kókó mítà 7, kí wọ́n fà á le. Igun tó gún régé ni ibi tí ẹni tó di kókó mítà 3 mú dúró sí. Àwọn bíríkìlà wa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́ tí wọ́n bá ń na ìpìlẹ̀ ilé.

Ẹ lè fi ìyẹ̀ igi ọ̀dọ̀ àwọn tó ń la pákó fa ìlà, tàbí kí ẹ po ẹfun mọ́ omi. Ẹ má lo láìmù tí wọ́n fi ń kọ́lé. Bó bá bọ́ sí ọmọ lójú, ó lè jó ojú náà. Lọ́jọ́ kan ẹ gba ọ̀tún yí pápá, lọ́jọ́ kejì ẹ gba òsì, torí bí pápá bá dagun, orúnkún ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni yóò máa gbé ìwúwo ara bí ẹ bá ń gba ọ̀nà kan náà.

Àwọn ọ̀dọ́ kò ní fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kò sì yẹ ká ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Òpó góòlù tó fẹ̀ ní mítà 3.6, tó ga ní mítà 1.8, ti tó fún ìdíje kékeré. Ọparun ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ gé èyí tó ti gbó, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí kòkòrò kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ẹ fi kọ́ńdẹ́ǹmù ọ́ìlì pa ìsàlẹ̀ rẹ̀ nítorí ikán, kí ẹ rì í wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, kí ẹ fi òkúta gún un mọ́lẹ̀. Òpó onírin tí a lè gbé kiri ló ń dẹ́rù bà mí jù. Irú rẹ̀ tí wọn kò bá kàn mọ́lẹ̀ ti wó lu ọmọdé pa ní ọ̀pọ̀ ibi láyé. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù, ẹ fi èèkàn kan ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí kí ẹ gbé àpò iyanrìn lé e, kí ẹ sì kọ̀ fún ọmọ kankan láti fà mọ́ irin òkè.

Bọ́ọ̀lù nọ́ńbà 5 ni ti àgbà, nọ́ńbà 4 ni ti ọmọ ọdún 8 sí 12, nọ́ńbà 3 ni ti àwọn tó kéré sí i. Bọ́ọ̀lù ń tètè bàjẹ́ nítorí abẹ́rẹ́ pọ́ọ̀ǹpù gbígbẹ tí wọ́n ń tì bọ̀ ọ́, yóò ya ẹnu rọ́bà inú rẹ̀. Ẹ fi omi pa abẹ́rẹ́ náà lára kí ẹ tó tì í wọlé. Bó bá sì ti le koko láàárọ̀, tí ẹ tún fi í sílẹ̀ sínú oòrùn, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fẹ̀, okùn rẹ̀ á sì tú.

Sẹ́ẹ̀tì ni ìjà ti ń wá. Gbogbo wa mọ òfin àtijọ́: ẹni tó bá borí dúró, ẹni tó pàdánù jáde, sẹ́ẹ̀tì tó kàn wọlé. Òfin yìí máa ń jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá gba pápá látìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn tó nílò eré jù á sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Ẹ ṣe é báyìí: èèyàn 5 sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìṣẹ́jú 10 tàbí góòlù 2, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, sẹ́ẹ̀tì tó bá sì borí lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra gbọ́dọ̀ jáde. Kí ẹni tó ń fọn fèrè máa kọ sẹ́ẹ̀tì sínú ìwé bí wọ́n ṣe ń dé.

Ẹ ya wákàtí àwọn obìnrin sọ́tọ̀ pátápátá, kó sì wà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn. Níbi tí wọn kò bá ti yà á sọ́tọ̀, àwọn ọkùnrin oníbọ́ọ̀lù ló máa ń gba gbogbo ilẹ̀, bọ́ọ̀lù á máa ba àwọn tó ń rìn, àwọn obìnrin ò sì ní padà wá. Láàárọ̀ Sátidé, agogo 6:30 sí 8:00, kí bọ́ọ̀lù má wọlé rárá. Kí àwọn ìyá rin àyíká wọn. Kí àwọn àgbàlagbà di ògiri kíláàsì mú, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan dúró fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 10, lẹ́yìn náà ìkejì, ẹ̀ẹ̀marùn-ún márùn-ún. Kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí wọ́n dìde láìfọwọ́ tì í, ìgbà 10. Èyí ń fún iṣan itan lágbára, òun ló sì ń gba àgbàlagbà lọ́wọ́ ìṣubú nínú balùwẹ̀. Ẹ fún àwọn ọmọdébìnrin ní ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ fún súwé, tẹ́ǹ-tẹ́ǹ àti okùn fífò, kì í ṣe orí kankéré, torí fífò lórí kankéré ń ba eegun ojúgun jẹ́.

Ẹni tó fẹ́ sáré gidi ní Àdó, pápá ìṣeré Olúyẹmí Káyọ̀dé ń bẹ. Olúyẹmí Káyọ̀dé wà nínú àwọn mẹ́rin tó gba fàdákà fún Nàìjíríà nínú eré ìje 4×100 mítà ní Òlíḿpíìkì Barcelona lọ́dún 1992. Àyíká ìlà àkọ́kọ́ ní pápá ìsáré tó pé ìwọ̀n jẹ́ mítà 400, nítorí náà kìlómítà 5 jẹ́ àyíká 12 àti ààbọ̀. Ẹni tó bá ní láti gba títì, kó máa rìn ní ọwọ́ òsì, kó kọjú sí mọ́tò tó ń bọ̀, kó wọ aṣọ funfun bí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́, kó sì yọ ohun ìgbọ́rọ̀ kúrò létí. Ọlọ́kadà tó bá ń já ìlà bọ̀ láti ẹ̀yìn, etí nìkan ló máa fi mọ̀ ọ́n.

Bó bá wá di òkè, Èkìtì kete, a ní in ju ẹlòmíràn lọ. Àpáta Olóṣùnta àti Òròlé ní Ìkẹ́rẹ́, àwọn òkè tó yí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ká, omi gbígbóná Ìkọ̀gòsì pẹ̀lú igbó rẹ̀, omi Àrìńtà tó ń já láti orí àpáta ní Ìpólé-Ìlórò. Olóṣùnta jẹ́ ibi ìbọ, ó sì ní ọdún tirẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìlú ọjọ́ tí wọ́n lè gun òkè àti ibi tí ẹsẹ̀ àlejò kò gbọ́dọ̀ dé. Ẹ tètè gòkè kí oòrùn tó mú, torí àpáta ń gba ooru sára. Ewédò dúdú tó máa ń wà níbi tí omi ń gbà ṣàn lórí àpáta kì í yọ̀ bó bá gbẹ, ṣùgbọ́n bí ìrì tàbí òjò bá kàn án, bàtà kankan kò lè dì í mú. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó rọ̀, tí ojú rẹ̀ kò tíì jẹ, ni kí ẹ wọ̀. Sílípáàsì ni kí ẹ fi sílé. Ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú, torí iṣan itan ti rẹ̀. Ẹ gé ìgbésẹ̀ kúrú, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ sọ̀ níbi tó bá dà gẹ̀rẹ́ jù, kí ẹ sì fi ọ̀pá gbá koríko níwájú yín. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má fi abẹ ya ojú ibẹ̀, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti ohun ọ̀ṣọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ tàbí lọ́wọ́ náà, ẹ má jẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà sókè sódò, ẹ gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn.

Píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50. Ẹ mu ọ̀kan ní bíi wákàtí kan sí méjì ṣáájú eré, kí ẹ mú méjì dání fún wákàtí kan lórí òkè. Bí àrá bá ti ń sán, ẹ kúrò ní pápá àti lórí àpáta, ẹ má sá sábẹ́ igi, ẹ wọ inú ilé tàbí mọ́tò tó ní òrùlé, kí ẹ sì dúró ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn àrá tó gbẹ̀yìn. Nígbà ọyẹ́, eruku pọ̀ láàárọ̀. Ẹni tó ní ásímà, kó fi ohun tó ń fín sẹ́nu sápò kó tó jáde, kó sì rìn dípò kó sáré.

Ẹsẹ̀ rírọ́ ló wọ́pọ̀ jù, ohun tí wọ́n sì ń ṣe sí i ló ń dá kún un. Omi gbígbóná, àbóníkí àti fífà lójú ẹsẹ̀ máa ń mú kó wú sí i. Ẹ wá píọ̀ wọ́tà tó ti di yìnyín, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ tún un ṣe ní wákàtí 2 sí 3 síra fún ọjọ́ 2 àkọ́kọ́. Ẹ fi báńdéèjì wé e, kó má le jù tí ọmọ ìka yóò fi dúdú tàbí kú tipiri. Kó gbé ẹsẹ̀ náà sórí ìrọ̀rí kó ga ju àyà lọ. Bí kò bá lè fi ẹsẹ̀ náà gbé ìgbésẹ̀ 4, tàbí bí ó bá ń ké nígbà tí ẹ bá tẹ egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fà á. Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ X-ray ni kó lọ lọ́jọ́ náà.